Ogun ìdènà kọ́múníìsì ní Àǹgólà: Amẹ́ríkà, Kúbà, Gúúsù Áfíríkà, àti ibi tí Nàìjíríà dúró sí

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Àǹgólà pé 50 ọdún tó ti kúrò lábẹ́ àwọn Pọtogí. Ẹni tó bá gbọ́ nípa àyájọ́ náà láìmọ ìtàn rẹ̀ lè máa ṣe kàyéfì. Kí ló kan Kúbà, erékùṣù tó wà ní òdìkejì òkun, tí wọn kì í fi í sẹ́yìn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ Àǹgólà? Kí ló dé tí orúkọ Murtala Muhammed máa ń jẹ yọ níbẹ̀? Báwo sì ni Amẹ́ríkà, tó náwó fún àwọn tó ń bá ìjọba tó wà ní Luanda, olú-ìlú Àǹgólà, jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣe wá di ẹni tó fẹ́ yáwó sílẹ̀ kí wọ́n fi tún ojú irin ìlú kan náà ṣe?

Ogun kan náà ló bí gbogbo rẹ̀. Amẹ́ríkà pè é ní ogun ìdènà kọ́múníìsì. Ìjọba àwọn aláwọ̀ funfun ní Gúúsù Áfíríkà náà pè é bẹ́ẹ̀, torí orúkọ yẹn ló máa ń wọ etí àwọn òyìnbó yòókù. Lójú tèmi, orúkọ yẹn gan-an ló ba iṣẹ́ jẹ́ fún Amẹ́ríkà. Òun ló mú wọn bá apartheid, ètò tí àwọn aláwọ̀ funfun fi ń tẹ àwọn aláwọ̀ dúdú mọ́lẹ̀, dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibẹ̀ sì ni wọ́n wà tí Nàìjíríà àti ọ̀pọ̀ ìlú Áfíríkà fi kẹ̀yìn sí wọn.

Ibi tí èrò náà ti wá

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, Soviet, ìjọba kọ́múníìsì tí Rọ́ṣíà jẹ́ olórí rẹ̀, ti sọ ìlà-oòrùn Yúróòpù di tiwọn. Ní oṣù Kejì ọdún 1946, òṣìṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà kan tó wà ní Moscow, George Kennan, tẹ wáyà gígùn kan ránṣẹ́ sílé. Látinú wáyà yẹn àti ohun tó kọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni èrò kan ti jáde: Soviet kò ní yé wá ọ̀nà láti tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n kò di dandan kí a bá wọn jagun lójúkojú. Kí a ṣáà máa dí ọ̀nà mọ́ wọn níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ yọjú. Ní oṣù Kẹta ọdún 1947, Ààrẹ Truman sọ ọ́ di ìlànà ìjọba nígbà tó ní kí àwọn aṣòfin fọwọ́ sí 400 mílíọ̀nù dọ́là fún Gíríìsì àti Tọ́kì. Ní 1954, Ààrẹ Eisenhower fi tirẹ̀ kún un, pé bí ìlú kan bá ti ṣubú sọ́wọ́ kọ́múníìsì, àwọn aládùúgbò rẹ̀ yóò máa tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan.

Èrò yìí ló kó ọmọ ogun Amẹ́ríkà lọ sí Kòríà láti 1950 sí 1953. Nǹkan bí 37,000 nínú wọn ni kò padà wálé, ààlà tí wọ́n sì dúró sí kò jìnnà sí èyí tí wọ́n bá níbẹ̀. Òun náà ló kó wọn lọ sí Vietnam, níbi tí àwọn tó lé ní 58,000 ti kú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1975, Saigon bọ́ sọ́wọ́ àwọn kọ́múníìsì, gbogbo ayé sì rí hẹlikọ́pítà tó ń kó àwọn èèyàn sá lọ.

Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ tí ọ̀rọ̀ Àǹgólà dé orí tábìlì Ààrẹ Gerald Ford. Ará Amẹ́ríkà kò fẹ́ gbọ́ ogun ìlú òkèèrè sétí mọ́, àwọn aṣòfin kò sì fẹ́ rí i. Síbẹ̀ Henry Kissinger, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, gbà pé bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan ní Àǹgólà, Soviet yóò rò pé ara Amẹ́ríkà ti kú. Ọ̀nà tí wọ́n wá gbé e gbà ni pé kí wọ́n jagun láìsí ọmọ ogun tiwọn níbẹ̀. Owó àti ìbọn yóò lọ lábẹ́lẹ̀, àwọn ẹlòmíì ni yóò sì yìn ín.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta lórí ilẹ̀ kan

Láti ọdún 1576 ni àwọn Pọtogí ti tẹ Luanda dó. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ń gbé òmìnira fún àwọn ìlú Áfíríkà ní nǹkan bí 1960, Pọtogí kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní apá kan ara ilẹ̀ àwọn ni Àǹgólà. Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún ní 1961, kò sì dákẹ́ títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin ọdún 1974, nígbà tí àwọn sójà tí ogun Áfíríkà ti sú gba ìjọba ní Lisbon. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé Pọtogí ń lọ. Ohun tí kò yé ẹnikẹ́ni ni ta ni wọn yóò gbé ilẹ̀ náà lé lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ mẹ́ta ló ń nawọ́ sí i. MPLA ni ti Agostinho Neto, dókítà oníṣègùn tó tún jẹ́ akéwì. Luanda ni agbára wọn wà, ìwé Karl Marx kò sì jìnnà sí wọn lẹ́nu. FNLA ni ti Holden Roberto, àwọn Bakongo ní àríwá ló pọ̀ jù lẹ́yìn rẹ̀, Kinshasa ló sì jókòó sí lábẹ́ òjìji Mobutu, olórí Zaire (Kóńgò òde òní). UNITA ni ti Jonas Savimbi, tí àwọn Ovimbundu ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà gbárùkù tì.

Bí a bá wá béèrè pé ta ni kọ́múníìsì nínú wọn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń di wàhálà. Soviet àti Kúbà ń ran MPLA lọ́wọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ṣáínà ti Mao, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kì í ṣe kọ́múníìsì, ló fi ìbọn àti àwọn olùkọ́ ológun ránṣẹ́ sí FNLA ní 1974. Savimbi fúnra rẹ̀, tí Amẹ́ríkà sọ di akọni ìgbèjà òmìnira nígbà tó yá, Ṣáínà ló ti kọ́ iṣẹ́ ogun ìgbẹ́. Neto ẹ̀wẹ̀ ti lọ sí Washington ní 1962 láti wá ìrànlọ́wọ́, ó sì padà lọ́wọ́ òfo, torí pé Pọtogí wà nínú NATO, àjọ ológun Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, Amẹ́ríkà kò sì fẹ́ ṣẹ̀ wọ́n. Orúkọ kọ́múníìsì yìí, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń so bébà ìdíyelé mọ́ ọjà tí wọn kò tíì tú wò.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1975, ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí àdéhùn ní Alvor, ní ilẹ̀ Pọtogí. Wọ́n ní àwọn yóò jọ ṣèjọba títí ọjọ́ òmìnira, ìyẹn ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá. Láàárín oṣù kan náà, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ ní Washington fọwọ́ sí 300,000 dọ́là fún Holden Roberto. Ìbọn Soviet náà ń wọlé fún MPLA. Kí oṣù Keje tó parí, wọ́n ti ń ta ara wọn níbọn láàárín ìgboro Luanda, MPLA sì ti lé FNLA jáde níbẹ̀.

Oṣù Keje yẹn náà ni Ford fọwọ́ sí 14 mílíọ̀nù dọ́là fún CIA, àjọ amí Amẹ́ríkà, láti fi ran FNLA àti UNITA lọ́wọ́. Nígbà tó yá, owó náà di nǹkan bí 32 mílíọ̀nù. Nathaniel Davis, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ Áfíríkà lábẹ́ Kissinger, kìlọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́, àti pé kò ní ṣeé fi pa mọ́. Wọn kò gbọ́ tirẹ̀, ó sì kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Bó ṣe sọ ọ́ náà ló rí. John Stockwell, tó darí iṣẹ́ náà ní CIA, fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì tú gbogbo rẹ̀ síta.

Olùrànlọ́wọ́ tó fi ata sẹ́nu

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1975, ọ̀wọ́ ọmọ ogun Gúúsù Áfíríkà kan la ààlà Nàmíbíà kọjá wọ Àǹgólà, wọ́n sì ń bọ̀ lókè lọ́nà Luanda. Nàmíbíà wà lọ́wọ́ wọn nígbà náà, wọn kò sì fẹ́ kí àwọn ajìjàgbara SWAPO rí ibi sá sí lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, wọn kò fẹ́ ìjọba aláwọ̀ dúdú kankan tó lè di àpẹẹrẹ fún àwọn tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ nílé. Lọ́rọ̀ kan ṣá, ohun tó bá Amẹ́ríkà lára mu ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń lé MPLA.

Àwọn olùkọ́ ológun Kúbà tó tó 480 ti wà ní Àǹgólà, tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ogun MPLA. Nígbà tí àwọn Gúúsù Áfíríkà kọ lù wọ́n ní Catengue ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ Kúbà kú níbẹ̀. Ìròyìn náà dé Havana, olú-ìlú Kúbà, Fidel Castro tó jẹ́ olórí wọn sì pinnu láàárín òru kan pé òun yóò fi ọmọ ogun gidi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé Moscow ló rán an. Àwọn ìwé ìjọba tó wá ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn náà fi hàn pé kò béèrè lọ́wọ́ wọn. Bàálù Britannia àtijọ́ ni wọ́n fi kó àwọn ẹni àkọ́kọ́, nínú aṣọ ara ìlú, tí wọ́n ń dúró rọ epo káàkiri ojú ọ̀nà. Amẹ́ríkà rọ Barbados pé kí wọ́n má jẹ́ kí wọ́n balẹ̀ síbẹ̀ mọ́, Barbados sì gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn Kúbà wá ọ̀nà mìíràn gbà.

Quifangondo ni ohun tó yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Ìlú kékeré ni, ní àríwá Luanda, kò jìnnà sí olú-ìlú rárá. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá, tí òmìnira ku ọ̀la, Holden Roberto fẹ́ gba ibẹ̀ wọ Luanda kí aago méjìlá òru tó lù. Ó ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀, ó ní ti Mobutu, ó ní àwọn Pọtogí kan tó tẹ̀ lé e, àwọn Gúúsù Áfíríkà sì gbé ìbọn ńlá wá láti ẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n lè gbà, ẹrọ̀fọ̀ wà lọ́tùn-ún, ó wà lósì, kò sí ibi sá sí. Mobutu ti kó ìbọn ńlá oní 130 mílímítà méjì wá, èyí tó rí gbà lọ́wọ́ Kòríà Àríwá. Ẹ gbọ́ dáadáa: Kòríà Àríwá, tí Amẹ́ríkà tìtorí rẹ̀ jà fún ọdún mẹ́ta, ló fún wọn ní ìbọn tí wọ́n fẹ́ fi dènà kọ́múníìsì ní Àǹgólà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ yìn ín, ọ̀kan bú mọ́ àwọn tó ń yìn ín lọ́wọ́. Èkejì náà kò ṣe dáadáa. Láti òdìkejì, àwọn Kúbà àti MPLA da rọ́kẹ́ẹ̀tì BM-21 bo ojú ọ̀nà náà. Àwọn ọmọ ogun Roberto fọ́n ká, FNLA kò sì tún gbérí gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun mọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan náà, ọ̀gá Pọtogí tó kù, Ọ̀gágun ojú omi Leonel Cardoso, ka ìwé pé òun fi agbára lé "àwọn ará Àǹgólà" lọ́wọ́, kò dárúkọ ẹgbẹ́ kankan. Ó ká àsíá rẹ̀ nílẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ. Ní òru, Neto kéde òmìnira.

Carlota, ọmọ Lùkùmí

Orúkọ tí Havana fún iṣẹ́ ogun yìí ni Operación Carlota. Ẹni tó ń jẹ́ Carlota jẹ́ obìnrin ẹrú ní oko ìrèké Triunvirato ní Matanzas, ó sì wà lára àwọn tó ṣáájú nígbà tí àwọn ẹrú dìde sí àwọn ọ̀gá wọn ní oṣù Kọkànlá ọdún 1843. Wọ́n pa á níbẹ̀. Lùkùmí ni. Orúkọ yìí ni wọ́n fi ń pe àwọn Yorùbá àti àwọn tó sún mọ́ wọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, orúkọ náà ni àwọn olórìṣà ibẹ̀ ṣì ń jẹ́ títí di òní. Ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ni wọ́n fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ogun náà, kí ó lè bá ọjọ́ tí Carlota dìde mu.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yẹ nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun tó kọ́kọ́ lọ jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Castro sì sọ ní gbangba ní oṣù Kejìlá yẹn pé ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn. Ṣùgbọ́n kí a má gbàgbé òdìkejì rẹ̀. Ìjọba kan náà tó fi orúkọ ọmọ Lùkùmí lé iṣẹ́ ogun rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni tó bá ń bọ òrìṣà wọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì nílé. Ọdún 1991 ni wọ́n tó yí òfin yẹn padà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun tó kù ti Àǹgólà dé. Bàbáláwo tí ọmọ rẹ̀ kú sí Àǹgólà kò lè jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó rán ọmọ náà lọ.

Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1976, nǹkan bí 36,000 ọmọ ogun Kúbà ló ti wà ní Àǹgólà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta, àwọn Gúúsù Áfíríkà tó kù kó ẹrù wọn jáde.

Ibi tí Nàìjíríà wọlé

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Èkó kò tẹ̀ sí ibì kankan. Ohun tí Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, OAU, ń fẹ́ ni Nàìjíríà náà ń fẹ́: kí ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ṣèjọba. Nàìjíríà kì í ṣe ìlú kọ́múníìsì. Ìjọba ológun ni, ó sì wà lára àwọn tó ń ta epo rọ̀bì jù fún Amẹ́ríkà. Bí Kissinger bá ń wá ẹni tí yóò gbà á gbọ́ ní Áfíríkà, ó yẹ kí Nàìjíríà wà lára wọn.

Ohun tó yí i padà ni Gúúsù Áfíríkà. Bí ó ṣe hàn gbangba pé ọmọ ogun apartheid ti wà nínú Àǹgólà, kò sí àlàyé tó tún lè wọ etí ní Dodan Barracks, ibùjókòó ìjọba ológun ní Èkó. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed kéde pé MPLA ni Nàìjíríà mọ̀ sí ìjọba Àǹgólà. Ohun tó ń sọ yé gbogbo ayé: ìbọn Soviet kò dùn mọ́ wa nínú, ṣùgbọ́n apartheid la fi ń ṣọ̀tá.

Ford kò tètè gba bẹ́ẹ̀. Kí àwọn olórí Áfíríkà tó pàdé ní Addis Ababa ní oṣù Kìíní ọdún 1976, ó kọ lẹ́tà sí wọn, ó ń rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n ní kí àwọn àjèjì kúrò, Kúbà ló sì ń bá wí jù lọ. Àwọn ìjọba mìíràn lè ká irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀. Nàìjíríà gbé e síta fún àwọn oníwèé ìròyìn pẹ̀lú èsì tó gbóná. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, Murtala dìde ní Addis Ababa, ó ní Áfíríkà ti dàgbà, kò sí lábẹ́ agbára ìlú òkèèrè kankan mọ́, ì báà ṣe alágbára tó. Àwọn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà ṣì ń sọ ọ́ lónìí bí ẹni pé àná ni.

Ìpàdé náà kò tilẹ̀ fẹnu kò. Orílẹ̀-èdè 22 fẹ́ MPLA, 22 fẹ́ kí gbogbo wọn jọ ṣèjọba, Ethiopia àti Uganda kò dìbò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ń yọ́ lábẹ́ àwọn tó dúró ti Amẹ́ríkà. Nígbà tí oṣù Kejì máa fi dé àárín, OAU ti gba Àǹgólà wọlé pẹ̀lú MPLA gẹ́gẹ́ bí ìjọba rẹ̀. Ọjọ́ 13 oṣù yẹn kan náà ni wọ́n yìnbọn pa Murtala nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Èkó.

Olusegun Obasanjo tó gba ipò rẹ̀ kò yí ọ̀nà padà. Nígbà tí Kissinger ń rìnrìn àjò káàkiri Áfíríkà lọ́dún yẹn, Nàìjíríà kò gbà á lálejò. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni Jimmy Carter wá sí Èkó fúnra rẹ̀, nígbà tí Washington ti rí i pé wọn kò lè bá Áfíríkà sọ̀rọ̀ bí wọn kò bá kọ́kọ́ sọ ibi tí wọ́n dúró sí lórí apartheid. Àwọn kan máa ń sọ pé Nàìjíríà kàn ń pariwo ni, pé Kúbà ló jagun. Òótọ́ ni pé Kúbà ló jagun. Ṣùgbọ́n láìsí ìdúró Èkó, Kúbà ì bá jẹ́ àjèjì tó wọ ilé onílé, kì í ṣe ẹni tí Áfíríkà gbà láyè.

Nígbà tí Washington tún padà

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà ti gé owó náà kúrò kí ọdún 1975 tó parí. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, ilé aṣòfin àgbà dìbò 54 sí 22 pé kò gbọdọ̀ sí owó fún ogun abẹ́lẹ̀ ní Àǹgólà mọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òfin tí wọ́n fi orúkọ Sẹ́nétọ̀ Dick Clark pè sọ ọ́ di ohun tó dúró. Vietnam ló wà lọ́kàn wọn.

Òfin náà wà títí di 1985, nígbà tí Ronald Reagan mú kí wọ́n fagi lé e. Reagan ní kò tó láti dènà kọ́múníìsì, ó yẹ kí a máa tì í padà sẹ́yìn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1986, ó gba Savimbi lálejò ní White House, lọ́dún yẹn náà sì ni mísáìlì Stinger, tí èèyàn lè gbé léjìká já bàálù lulẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ UNITA.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti di àwàdà ni Cabinda, agbègbè Àǹgólà kan, níbi tí ilé-iṣẹ́ Gulf Oil ti Amẹ́ríkà ń wa epo. Owó epo yẹn ni MPLA fi ń ra ìbọn, òun ni wọ́n sì fi ń gbọ́ bùkátà àwọn Kúbà. Àwọn ọmọ ogun Kúbà ló ń ṣọ́ agbègbè náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1985, àwọn ọmọ ogun àkànṣe Gúúsù Áfíríkà yọ́ wọ ibẹ̀ láti fi bọ́ǹbù ba ilé-iṣẹ́ epo náà jẹ́. Wọ́n pa méjì nínú wọn, wọ́n mú ọ̀gá wọn, Wynand du Toit, láàyè. Ẹ tò ó wò: ọmọ ogun ìjọba tó ní òun ń bá kọ́múníìsì jà fẹ́ fọ́ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ ogun Fidel Castro sì ni ẹ̀ṣọ́ àdúgbò. Àwọn tó ń darí ilé-iṣẹ́ náà kò sì fìgbà kan sọ pé MPLA ń yọ àwọn lẹ́nu.

Ìjà tó tóbi jù wáyé ní àyíká Cuito Cuanavale ní gúúsù ìlà-oòrùn, láti 1987 wọ 1988. Títí di òní, ìhà méjèèjì ló ń sọ pé àwọn ló borí. Ohun tó dájú ni pé Gúúsù Áfíríkà kò gba ìlú náà, àti pé nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1988, wọ́n ti jókòó ní New York pẹ̀lú Kúbà àti Àǹgólà, wọ́n fọwọ́ sí i pé Kúbà yóò máa lọ sílé, Nàmíbíà yóò sì gba òmìnira. Nàmíbíà gbà á ní oṣù Kẹta ọdún 1990. Àwọn ọmọ Kúbà tó lé ní 300,000 ló ti jagun ní Àǹgólà láàárín ọdún wọ̀nyẹn, àwọn tó lé ní 2,000 ló kú.

Ohun tó ṣẹ́ kù

Nígbà tí Soviet ń fọ́ lọ, MPLA ju Marx nù. Wọ́n dìbò ní 1992, Savimbi fìdí rẹmi, kò gbà, ó padà sínú igbó. Àwọn tó fún un ní Stinger kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe pẹ̀lú rẹ̀ mọ́; Bill Clinton gba ìjọba Luanda wọlé ní 1993. Savimbi bá tirẹ̀ lọ, ó ń fi dáyámọ́ǹdì náwó ogun, títí wọ́n fi pa á ní ọjọ́ 22 oṣù Kejì ọdún 2002. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ogun parí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣe ìṣirò rẹ̀ ní èèyàn bí ìdajì mílíọ̀nù ló kú sínú rẹ̀, ká má tíì sọ ti àwọn tí bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ gé lẹ́sẹ̀.

Kò yẹ kí a fọ MPLA mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1977, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ náà fẹ́ gba ìjọba lọ́wọ́ Neto. Àwọn ọmọ ogun Kúbà bá Neto pa iná náà, ohun tó tẹ̀ lé e sì ni pípa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, púpọ̀ nínú wọn láìsí ìgbẹ́jọ́. Ọdún 2021 ni Ààrẹ João Lourenço tó tọrọ àforíjì lórúkọ ìjọba.

Lourenço yìí náà kọ́ ẹ̀kọ́ ológun àti òṣèlú ní Soviet láti 1978 sí 1982. Òun ló gba Joe Biden lálejò ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ààrẹ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé Àǹgólà. Tìtorí ojú irin Benguela ni Biden fi dé ìlú Lobito. Ojú irin náà gùn ní nǹkan bí 1,344 kìlómítà láti etíkun títí dé ààlà Kóńgò, òun sì ni wọ́n ń gbà kó bàbà Kóńgò àti Zambia lọ sí òkun kí ogun tó dé. Láti 1975 ni ọkọ̀ ojú irin tó ń la ààlà kọjá ti dáwọ́ dúró, UNITA sì ń fọ́ ojú irin náà lọ́dọọdún. Àwọn Ṣáínà ló tún un ṣe, wọ́n parí rẹ̀ ní 2014. Ní báyìí, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ Yúróòpù kan ló ń bójú tó o fún 30 ọdún, Amẹ́ríkà sì ṣèlérí 553 mílíọ̀nù dọ́là gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yáwó, torí kóbáàtì àti bàbà tí wọ́n ń fi ṣe bátìrì ọkọ̀ iná mànàmáná. Ètò tún wà láti la ojú irin tuntun tó tó 800 kìlómítà wọ Zambia.

Àwọn kan ní ìdènà náà ló tún bẹ̀rẹ̀, pé Ṣáínà ló kù tí wọ́n ń dí ọ̀nà mọ́. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn aṣòfin Washington. Àmọ́ kò sí ẹni tó ń kó ìbọn wọ Lobito báyìí, Luanda sì ti kọ́ bí a ṣe ń tajà fún gbogbo èèyàn: wọ́n ń fi epo rọ̀bì san gbèsè Ṣáínà, Chevron, tó ra Gulf, ṣì ń wa epo ní Cabinda, àwọn dókítà Kúbà sì ti ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù wọn láti ayé Neto.